Bátìrì Tuntun, Ọkọ̀ Àtijọ́

Ní Ìkìrun tí wọ́n bí mi sí, Sábó ni à ń pe àdúgbò àwọn Hausa. Níbẹ̀ ni bàbá mi ti máa ń ra súyà fún wa nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ nàka sí ènìyàn hàn mí pé, "Wò ó, àlejò nìyẹn." Èmi náà gbà pé àlejò ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, tí Yorùbá ẹnu wọn sì dùn ju tèmi lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èmi náà yóò di ará Sábó. Sabon Gari ni wọ́n ń pè é ní Kano níbí. Orúkọ kan náà ni. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwa tí a ti ọ̀nà jíjìn wá ló sì kún ibẹ̀.

Láti yunifásítì ni mo ti wá. Jọ́gíráfì ni mo kà. Mo lè ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà láìwo ìwé, mo sì mọ ibi tí òjò ti ń pọ̀ àti ibi tí kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan tó sọ fún mi pé ọyẹ́ Kano lè la ètè ènìyàn débi pé ẹ̀rín yóò máa dun ni. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀run. Ní ilé wa, òkè àti igi ló yí ojú ọ̀run ká. Níbí, ó tẹ́ lọ láìní etí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún, ó ṣe mí bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń wò mí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí mi.

Láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nígbà náà, mo ní láti kọ lẹ́tà ṣáájú, kí ó lè mọ ọjọ́ tí yóò lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìkìrun. Èmi náà á tò sórí ìlà níbí títí ẹsẹ̀ mi á fi wú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá dé, igbe ló máa ń ké, nítorí ó gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn gbọ́dọ̀ ṣe le tó.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá mi."

"Kí lò ń jẹ?"

"Túwó."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó yíjú sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ó ní túwó lòun ń jẹ. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Kí ẹni náà tó dáhùn, ìlà ti já. Mo rìn padà sí yàrá mi, mo ń rẹ́rìn-ín, ètè mi sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìkíni ló mú mi dúró. Mo ti rò pé àwa Yorùbá nìkan ni a ní ìkíni fún ohun gbogbo: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fa igi gbígbẹ kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ni ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí kọjá, ó ní, "Sannu da aiki." Nígbà tí mo parí, tí mo jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń bọ̀ padà, ó ní, "Sannu da hutawa." Mo béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ onílé mi. Ẹ kú iṣẹ́ ni èkínní, ẹ kú ìsinmi ni èkejì. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń kí ènìyàn nítorí pé ó jókòó, ó ṣòro kí ènìyàn máa pè é ní ilẹ̀ àjèjì.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Mo fẹ́yàwó níbí, mo bímọ níbí, mo fẹ̀yìn tì níbí. Kano ni wọ́n bí Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, sí. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Sabon Gari títí wọ́n fi darúgbó. Bùnmi, ọmọ wa, ti wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ti padà sílé, ilé tí kò tíì gbé rí kó tó lọ síbẹ̀. Bó bá ń bínú sí mi lórí fóònù, Hausa ló fi ń bínú.

Ọkọ̀ wa, aláwọ̀ eérú, ti dàgbà. Láti ọjọ́ tí orúnkún Ìyá Bùnmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, òun ni ẹsẹ̀ wa. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwa méjèèjì á wọ sùtánà funfun wa láìwọ bàtà, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni tiwa. A óò gba àdúgbò Gwagwarwa kọjá, a óò gbé àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò lè rìn mọ́. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ bíréèkì nínú oòrùn Kano rí kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìfọkànsìn.

Nígbà tí Bùnmi wá kí wa ní ìgbà Kérésìmesì, ó wò mí bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn jáde ní géètì tí mo sì ha ògiri díẹ̀. Ó mú mi ṣèlérí. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà ni Malam Habu yóò wá rà á, èmi àti ìyá rẹ̀ yóò sì máa bọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ òun ní Ìbàdàn. Malam Habu ni ẹni tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ tó sì ń tà á ní àdúgbò wa. Mo gbà kíákíá, nítorí ọkọ̀ náà kò kọ̀ rí.

Ó kọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dákẹ́. Mo tún un yí. Kẹ́. Ìyá Bùnmi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, fóònù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó ti kọ̀," ló wí.

"Kò kọ̀. Ó ń ronú."

"Bàbá Bùnmi, ìrònú yìí, ṣé yóò parí kó tó di ọ̀la? Ṣọ́ọ̀ṣì wà o."

Ohùn mìíràn ló dáhùn, láti inú fóònù orí àga náà: "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Mo gbọ́ ọ."

Mo wo Ìyá Bùnmi. Ó tẹ ojú mọ́ ẹ̀wà rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?" ni mo bi Bùnmi.

"Mo gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́. Haba, Bàbá."

"Bátìrì ni. Bátìrì kì í ṣe ọkọ̀."

"Ẹ ní ọjọ́ tó bá kọ̀. Ẹ ò sọ pé àyàfi bátìrì."

"Bí bàtà ènìyàn bá já, ṣé wọ́n máa ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín, tó sì gbé ẹ̀rín náà mì. "To," ló wí, bí Hausa ṣe máa ń sọ pé ó dára. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà fúnra yín, nílé. Ẹ ò gbọdọ̀ pe rẹwáyà, ẹ ò gbọdọ̀ pe mẹkáníìkì, ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹ bá ṣe é tó ṣiṣẹ́, màá gbà pé ẹ ṣì lè tọ́jú ọkọ̀, n ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Malam Habu á gbé e lónìí. Màá pè é báyìí kó máa bọ̀."

"Ọmọ yìí jọ yín," ni Ìyá Bùnmi wí nígbà tí Bùnmi pa fóònù.

Mo wọ adáìdáìtà lọ sí France Road láti ra bátìrì, mo sì ń ronú lórí ìjókòó ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà. Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ilé mi. Àwọn tí mo mọ̀ ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ wọn ló ti lọ sí ibi tí àwọn àgbà ń lọ, àwọn ọmọ wọn sì máa ń bi mí pé, "Bàbá, ọmọ ilé wo lẹ jẹ́?" Ní France Road, ẹni tó ń ta táyà juwọ́ sí mi, ó pè mí ní Malam, olùkọ́, nítorí mo kọ́ bàbá rẹ̀ ní jọ́gíráfì. Bí mo bá wà ní Ìbàdàn, inú yàrá tó mọ́ ni n ó wà, a óò fún mi lóúnjẹ lásìkò, n ó sì di bàbá àgbà tó wá láti Kano. Àlejò ni n ó tún dà, ní ọjọ́ ogbó mi.

Ọmọ Ìgbò tó ta bátìrì náà fún mi bi mí pé, "Papa, who go couple am for you?" Mo ní èmi ni n ó so ó mọ́ ọkọ̀. Ó wo irun funfun orí mi, ó sì fi okùn kọ́ ọwọ́ sí i kí n lè rí nǹkan dì mú. Mo yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò dáadáa, gígùn àti ìbú. Ohun tí n kò yẹ̀ wò ni ó fẹ́ kó bá mi lọ́jọ́ náà.

Nílé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí bátìrì àtijọ́ náà ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀. Ìyá Bùnmi gbé omi gbígbóná wá nínú kẹ́tùrù, mo rọra dà á sí i, ó ń hó, ó ń ṣàn lọ. Wáyà dúdú ni à ń kọ́kọ́ tú, kí sípánà má baà fi ara kan irin kí iná sì ṣẹ́. Pupa ló ń tẹ̀ lé e. Irin tó de bátìrì náà mọ́lẹ̀ ti dípẹtà, mo da kẹrosíìnì sí i, mo dúró, mo tún da òmíràn sí i. Nígbà tí ó gbà, ó gbà pẹ̀lú ohùn bí ìgbà tí èèyàn fa eyín.

Ó wá ku gbígbé e jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dì í mú, ẹ̀yìn mi sì rán mi létí ọjọ́ orí mi.

"Ẹ dúró," ni Ìyá Bùnmi wí, ó sì ń dìde díẹ̀díẹ̀ láti orí àga.

"Bùnmi ní ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án."

"Ṣé ẹlòmíràn ni mo jẹ́ nínú ilé yìí?"

Òun di apá kan mú, èmi di apá kejì, a gbé e jáde, a gbé e sílẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn.

Bí a ṣe ń mí ni a gbọ́ ìkíni sálámà ní géètì. Malam Habu ló dé, ó wọ kàfùtáànì búlúù, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Hausa la jọ ń sọ. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wo ihò òfo tí bátìrì ti jáde.

"Malam, da kai da motar, wa ya girmi wani?" Ó ń béèrè èwo nínú èmi àti ọkọ̀ ló dàgbà ju èkejì lọ.

"Àbúrò mi ni ọkọ̀," ni mo dá a lóhùn.

Ó dárúkọ owó kékeré kan. Ó ní torí pé ọkọ̀ náà kò ní bátìrì ló ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Mo nàró, mo fi aṣọ nu ọwọ́ mi, mo ní, "Albarka."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ rí. Nínú ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, òtútù fẹ́ pa mí, mo lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Mo dárúkọ iye tí mo fẹ́ san. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á gbọ́wọ́ lé àyà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Albarka." Ta ni Yorùbá tí kò mọ àlùbáríkà? Mo rò pé ó ti gbà, ó sì ń súre fún mi lórí ọjà náà. Mo ní, "Àmín o," mo kó owó lé orí àtẹ rẹ̀, mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ apá, mo sì ń lọ. Ó sáré tẹ̀ lé mi. Ọjà dúró. Ìyá Yorùbá kan tó ń ta ata ló là wá. Ó ní albarka lẹ́nu ẹni tó ń tajà níbí, rárá ni: owó rẹ kò tó, kí Ọlọ́run fún wa ní ìbùkún níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n sọ fún ọ̀gbẹ́ni náà ohun tí mo gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n máa mú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣe àmín, òun kò lè gba àdúrà padà lẹ́nu mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Èdè tó lè kọ̀ fún ènìyàn kó sì súre fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kí ènìyàn kọ́ ọ.

Malam Habu mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò ṣe àmín. Ó fa bẹ́ńṣì sí abẹ́ ibòji, ó jókòó. Ó ní Bùnmi ti sọ àdéhùn fún òun, òun yóò dúró wo bí yóò ṣe parí.

Èmi àti Ìyá Bùnmi gbé bátìrì tuntun náà, a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò. Ó wọ̀ ọ́ déédéé. Inú mi dùn. Mo na ọwọ́ sí wáyà pupa.

"Bàbá Bùnmi," ni ìyàwó mi wí, ó rọra sọ ọ́, "pupa ń wo dúdú."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ní ti àtijọ́, orí tó yẹ kí pupa dé wà lápá òsì. Ní ti tuntun yìí, ọ̀tún ló wà. Gígùn àti ìbú ni mo wò ní France Road, n kò wo orí. Bí mo bá so ó bẹ́ẹ̀, gbogbo wáyà ọkọ̀ náà ni yóò jó.

Malam Habu húkọ́ díẹ̀. Ó dárúkọ owó mìíràn, ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Albarka," ni Ìyá Bùnmi wí, kò wo ẹ̀yìn.

A tún gbé e sókè, a yí i padà, iwájú di ẹ̀yìn. Nísinsìnyí, pupa dojú kọ pupa, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí i. Mo fa wáyà náà, ó kù bí ìbú ìka kan kó débẹ̀. Mo fà á sí i. Kò dé. Oòrùn ti wọ orí mi, òógùn ń kán sínú ojú mi. Mo ro ti yàrá tó mọ́ ní Ìbàdàn, mo ro ti àwọn ìyá Gwagwarwa tí wọn yóò jókòó ní ẹnu ọ̀nà wọn lọ́la nínú aṣọ funfun, tí wọn yóò máa wo ọ̀nà.

Mo fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti orí dé ìdí, bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ìka tọ odò láti ẹnu rẹ̀ dé orísun. Nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, irin pẹlẹbẹ kékeré kan há a mọ́ ara ọkọ̀. Mo tú irin náà. Wáyà náà tú sílẹ̀ bí ẹni tó ti fẹ́ nara láti ìgbà pípẹ́. Ó dé orí bátìrì, ó sì ṣẹ́kù. Mo de pupa, mo de dúdú, mo de irin rẹ̀ padà, mo mi bátìrì náà, kò mì.

Mo wọ inú ọkọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kún inú ọgbà, àwọn ẹyẹlé aládùúgbò fò kúrò lórí páànù.

Ìyá Bùnmi ti pe Ìbàdàn. Bùnmi gbọ́ ohùn ọkọ̀, kò gbà. Ó ní kí a gbé fóònù fún Malam Habu, ó sì bi í ní Hausa bóyá bàbá òun ló ṣe é lóòótọ́.

Malam Habu wò mí, ó wo ọkọ̀ tó wá rà. "Da kansa ya yi," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Mo fẹ́ dúpẹ́ nínú ọkàn mi nígbà tí Ìyá Bùnmi na ọwọ́, ó gba fóònù náà.

"Bùnmi, Malam Habu ń bò wá láṣìírí ni. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ la jọ gbé e."

Mo pa ọkọ̀. Mo ti ń wo Ìbàdàn báyìí, mo ń wo ara mi lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ ọmọ mi.

"Bàbá," ni Bùnmi wí, "ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ìyá rẹ náà ló rí i pé pupa ń wo dúdú. Bí kì í bá ṣe òun, ǹ bá ti jó wáyà ọkọ̀."

"Màámi, orúnkún wo lẹ fi gbé bátìrì?"

"Èyí tí Ọlọ́run fún mi."

"Èmi ti rò pé Bàbá nìkan ló máa ń dá gbogbo nǹkan ọkọ̀ yẹn ṣe ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ni, to. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Malam Habu, don Allah ka yi haƙuri."

Malam Habu gba ẹ̀bẹ̀ náà, ó ní kò sí wàhálà, ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn kàfùtáànì rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi wá, oòrùn sì ti le. Mo ní kó wọlé. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́yìn, Ìyá Bùnmi jókòó níwájú, a jáde ní géètì. Mo fojú tó ògiri dáadáa, n kò hà á. Ọkùnrin tó wá gbé ọkọ̀ wa lọ, ọkọ̀ wa ló gbé e padà. Ó ń fọwọ́ pa ìjókòó wò ní gbogbo ọ̀nà.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, nítòsí Gwagwarwa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́. Mo pa ọkọ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ pa á síbí?" ni Ìyá Bùnmi béèrè.

"Mo fẹ́ mọ̀."

Malam Habu náà kò wọlé. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára géètì, òun náà fẹ́ mọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì dáhùn kí ọwọ́ mi tó yí i tán. Malam Habu mi orí, ó wọlé, ó ti géètì rẹ̀.

Ìyá Bùnmi na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti jáde, kí a kúkú gba ọjà kọjá, kí òun ra tòmátì.